Kéde Ọjọ́, Pa Orin Mọ́

Ọ̀rọ̀ orí rédíò fún àwọn olùgbọ́ ní Ìmáṣàyí, Ayétòrò, Ìlaró àti gbogbo ilẹ̀ Yewa

 

Ọ̀rọ̀ tòní kan àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń kọrin tí wọ́n tún ń kọ̀wé. Wọ́n pọ̀ ní agbègbè yìí ju bí àwa àgbà ti rò lọ. Ọmọ kan á ní orin mẹ́fà nínú fóònù, á ní ewì tó kún ìwé kan, òde eré á sì wà fún un ní Sátidé tó ń bọ̀. Ẹ wá bi í pé níbo ni, ní agogo mélòó ni, èló ni ẹnu ọ̀nà. Á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa wo státọ́ọ̀sì mi." Ẹ wo státọ́ọ̀sì ọ̀hún, fọ́tò rẹ̀ lẹ ó bá níbẹ̀, ó wọ awò ojú dúdú, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ohun ńlá kan ń bọ̀. Kí ni ohun ńlá náà? Kò sọ. Ṣùgbọ́n orin tuntun tí òun tìkára rẹ̀ kò tíì parí, ìdajì rẹ̀ ti wà lórí fóònù gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti oṣù tó kọjá. Ohun tó yẹ kó sọ, ó fi pamọ́. Èyí tó yẹ kó pa mọ́ ló ń tú káàkiri. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá yín yẹ̀ wò.

Kò yẹ ká rìn jìnnà ká tó rí olùkọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí gbogbo wa mọ̀, láti Kétu dé Ìmẹ̀kọ, láti Ìlaró títí dé Ìmáṣàyí níbí, òru ni Ẹ̀fẹ̀ rẹ̀, ọ̀sán ni ijó rẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó lóru Ẹ̀fẹ̀ rí á jẹ́rìí mi pé Ẹlẹ́fẹ̀, olórin òru yẹn, kì í ṣàdédé yọ. Àwọn kan á kọ́kọ́ ṣíwájú rẹ̀. Ètò wọn yàtọ̀ láti ìlú sí ìlú, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi, Àràbí Àjígbálẹ̀ á jáde láti gbá ojú agbo mọ́. Apàná á dé, gbogbo iná á kú. Lẹ́yìn náà ni Tètèdé á wọlé, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti pe Ẹlẹ́fẹ̀ jáde. Á pè é, á tún un pè, títí Ẹlẹ́fẹ̀ á fi dáhùn láti ẹnu ọ̀nà. Kí ọkùnrin yìí tó la ẹnu rẹ̀, wọ́n ti gbá ilẹ̀ mọ́, ojú agbo ti ṣókùnkùn, etí gbogbo ìlú ti ṣí. Kò sí olórin kan lónìí, bó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó, tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́ dè bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí Ẹlẹ́fẹ̀ fi pamọ́. Ọjọ́ Ẹ̀fẹ̀ kì í ṣe àṣírí. Ìyálọ́jà mọ̀ ọ́n, àna tó wà ní ìsọdá ààlà ní Bẹ̀nẹ̀ mọ̀ ọ́n, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ l'Ékòó ti tọrọ ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ṣùgbọ́n orin tí Ẹlẹ́fẹ̀ máa kọ, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n àfi òun àti àwọn díẹ̀ tí wọ́n jọ ń dánra wò ní kọ̀rọ̀. Àwọn orin náà kì í ṣe eré lásán. Lẹ́yìn tó bá ti júbà àwọn ìyá wa àti àwọn òrìṣà tán, á wá kan ọ̀rọ̀ ọdún náà: ẹni tó jalè, olóyè tó jẹ owó ìlú, ọkọ tó ń lu aya, ìjọba tó gba owó orí tí kò ṣe ọ̀nà. Bí ẹni tó fẹ́ fi bú bá ti gbọ́ orin náà ṣáájú, ṣé á jókòó síbẹ̀? Lóru tí orin ọ̀hún bá jáde, ìlú ti fún Ẹlẹ́fẹ̀ ní àyè, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú un sí i. Òǹkọ̀wé ni ọkùnrin yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò di bíírò mú. Ó jókòó, ó ṣàkójọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún, ó yan ọ̀rọ̀ tó bá a mu, ó fi orin dè é.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ti wá kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lọ́wọ́ àwọn bàbá wa. Henry John Drewal àti Margaret Thompson Drewal, àwọn ará Amẹ́ríkà, rìn káàkiri ilẹ̀ Yewa àti Kétu, wọ́n sì tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 1983. Babátúndé Lawal, ọmọ Yorùbá, tẹ tirẹ̀ ní 1996. Ní 2001, àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pé ó wà lára ohun àjogúnbá tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bò, ní 2008 ó sì wọ inú ìwé àkọsílẹ̀ wọn lórúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá ẹni tí ẹ máa wo àwòkọ́ṣe rẹ̀ lórí fóònù, ó ń bẹ ní ojúde yín.

Ẹ jẹ́ ká kúrò lóru Ẹ̀fẹ̀, ká lọ sí Èkó ní 1944. Ọlọ́pàá kan wà ní Ẹ̀búté Mẹ́ta nígbà náà, ọmọ Òsósà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, tó ti ṣe tíṣà rí. Hubert Ògúndé lorúkọ rẹ̀. Ìjọ Aládùúrà tó wà ń wá owó tí wọn á fi kọ́ ilé ìsìn, wọ́n ní kí ó bá wọn ṣe eré. Òun ló kọ ọ̀rọ̀ eré náà, òun ló kọ orin rẹ̀, òun náà ló kó wọn jọ tó kọ́ wọn. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 1944, wọ́n ṣe é ní gbọ̀ngàn Glover ní Èkó. The Garden of Eden and the Throne of God ni wọ́n pè é. Èrò tó wá kò mọ níwọ̀n. Láàárín ọdún méjì, Ògúndé ti dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, African Music Research Party, ó sì ti bọ́ aṣọ ọlọ́pàá. Ẹ kíyè sí orúkọ yẹn, orin ló fi ṣíwájú, kò pe ara rẹ̀ ní eléré. Ó ń kọ̀wé eré, ó ń kọrin, nígbà tó yá ó kó sakisofóònù àti ìlù òyìnbó wọ inú ẹgbẹ́, ó sì gbé àwo orin jáde.

Ẹni tó bá fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ láti máa kọrin kò ní owó oṣù mọ́. Ohun tó kù fún un ni pé kí ènìyàn mọ̀ pé eré wà. Nítorí náà Ògúndé ń sanwó fún ìkéde nínú ìwé ìròyìn Èkó: orúkọ eré, gbọ̀ngàn, ọjọ́, àti iye owó ìjókòó. Nínú ìpolówó tó ṣe fún Tiger's Empire ní 1946, ó dárúkọ àwọn obìnrin gẹ́gẹ́ bí òṣèré tí wọ́n ń fi eré ṣe iṣẹ́, èyí tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí nínú eré Yorùbá kí ó tó dé. Ìkéde lásán lẹ rò pé ó jẹ́, ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ ńlá ni nígbà tí ọ̀pọ̀ òbí kò fẹ́ kí ọmọbìnrin wọn sún mọ́ ìtàgé.

Bó ṣe rí àwọn obìnrin náà gan-an pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ó kọ́kọ́ kéde pé òun ń wá obìnrin tí yóò máa ṣeré. Ẹyọ kan kò yọjú. Ó wá yí ìkéde padà, ó ní àwọn omidan tí yóò ṣe iṣẹ́ akọ̀wé ni òun ń wá. Wọ́n wá! Nígbà tí wọ́n dé tán ni wọ́n mọ irú iṣẹ́ akọ̀wé tó jẹ́. Àwọn òbí fárígá, ó sì fẹ́ lára àwọn obìnrin náà níyàwó kí ọ̀rọ̀ lè rọlẹ̀. N kò fọwọ́ sí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀, ẹ má sì gbìyànjú rẹ̀ ní Ìmáṣàyí o. Àwọn ìyá tó wà níbí kò ní gbà fún yín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Ògúndé ti dùn mọ́ mi jù ni ti Kano. Ní oṣù Kọkànlá 1949, ọlọ́pàá yìnbọn fún àwọn awakùsà èédú ní Iva Valley, Enugu, ènìyàn mọ́kànlélógún ló kú. Ògúndé kọ eré lé e lórí, ó pè é ní Bread and Bullet. Nígbà tó gbé e dé Kano, àwọn aláṣẹ gbà pé ó fẹ́ dá ìlú rú, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ẹ̀sùn pé ó fẹ́ tako ìjọba kò lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ohun tí wọ́n rí mú un sí ni pé ó lẹ pósítà eré náà mọ́ ògiri láìgba àṣẹ, wọ́n sì bu owó ìtanràn pọ́n-ùn mẹ́fà lé e. Ẹ ò rí i? Ilé ẹjọ́ kò rí ẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìwé tó fi kéde rẹ̀ ló sanwó lé lórí. Ẹ̀yin tí ẹ ń lẹ pósítà mọ́ ògiri ilé onílé, mọ́ ara pátákó ilé ìwé, tàbí bo pósítà ẹni tó ṣe ìsìnkú bàbá rẹ̀, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ẹ lọ bá baálé ilé, ẹ lọ bá ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ayétòrò, ẹ gba àṣẹ.

Lẹ́yìn Ògúndé, àwọn yòókù dìde: Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládiípọ̀, Ọyin Adéjọbí, Moses Ọláìyá tí a mọ̀ sí Bàbá Sàlá. Àgbàlagbà tó ń gbọ́ mi á rántí bí wọ́n ṣe ń wọ ìlú. Bọ́ọ̀sì wọn á ti dé láti ọ̀sán, gbohùngbohùn méjì lórí òrùlé, wọ́n á máa yí àdúgbò po. Ẹnìkan á máa sọ̀rọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, orin á máa dún lẹ́yìn ọ̀rọ̀, ìwé ìléwọ́ á máa fò jáde láti ojú fèrèsé, àwọn ọmọdé á máa sáré tẹ̀ lé e. Wọ́n á sọ orúkọ eré, wọ́n á sọ gbọ̀ngàn tàbí ilé ìwé tí wọ́n ti máa ṣe é, wọ́n á sọ iye owó àgbà àti ti ọmọdé. Wọ́n lè fi ohun kan pani lẹ́rìn-ín láti inú eré, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ bó ṣe parí. Ẹni tó fẹ́ mọ bó ṣe parí á sanwó. Ní 1967 ni ìwé Atọ́ka bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò irú àwọn eré bẹ́ẹ̀ nígbà náà, tó ń tẹ̀ wọ́n bí ìtàn, kí ẹni tí kò lè dé ìtàgé lè kà á nílé. Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, àwọn baba wọ̀nyí sì mọ bí wọ́n ṣe ń gún un.

Ẹlẹ́fẹ̀ ní àyè, mo ti sọ bẹ́ẹ̀. Ògúndé kò ní. Ní 1964 ó ṣe Yorùbá Ronú, eré tó bá àwọn olóṣèlú Ìwọ̀-Oòrùn wí lórí ìjà tó ń ya ilé Yorùbá sí méjì. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Akíntọ́lá fòfin dè é pé kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ ní gbogbo àgbègbè náà. Ilẹ̀ yìí, tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀gbádò nígbà yẹn, wà lára Ìwọ̀-Oòrùn, nítorí náà òfin yẹn kan Ìmáṣàyí náà. Èkó kò sí lábẹ́ wọn, Ògúndé sì ń ṣeré lọ níbẹ̀, ó tún kọ Òtítọ́ Korò fún wọn. Ó tó oṣù Kejì 1966, lẹ́yìn tí Fájuyì ti di gómìnà ológun, kí wọ́n tó ká òfin náà kúrò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì tí ọkùnrin náà kò lè lẹ pósítà kan ṣoṣo mọ́ ògiri ní ìlú àwọn tó ń sọ èdè rẹ̀.

Ọmọ Abẹ́òkúta kan tún wà tí n kò lè fò dá. Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ní ilé eré tirẹ̀, Afrika Shrine, ọjọ́ tó ń ṣeré níbẹ̀ kò sì farasin. Alẹ́ Ẹtì ni alẹ́ Yábíìsì. Ní alẹ́ yẹn, á dá orin dúró, á máa sọ̀rọ̀, á máa fi ìjọba àti àwọn olówó ṣe yẹ̀yẹ́, èrò á máa dá a lóhùn. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé bí bàbá kan láti Ìmáṣàyí bá bá ara rẹ̀ níbẹ̀ lóru náà, kò ní béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹ̀fẹ̀ ni, iná mànàmáná nìkan ló fi kún un.

Fẹlá tún ní ìwà kan tó ya àwọn òyìnbó tó ń ta àwo rẹ̀ lẹ́nu. Orin tuntun, Shrine lá ti kọ́kọ́ máa kọ ọ́, nígbà mìíràn fún oṣù púpọ̀, á máa tún un ṣe níwájú èrò. Tó bá ti gbé e jáde nínú àwo, ó parí, kò ní kọ ọ́ lórí ìtàgé mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ti àná, kó lọ ra àwo. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ti òní, kó wá sí Shrine. Ó tún ń kọ̀wé: ní àwọn ọdún 1970, ó ń san owó ààyè nínú ìwé ìròyìn láti máa kọ èrò rẹ̀, Chief Priest Say ni ó pe ọ̀wọ́ náà. Ààyè ìpolówó ló rà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìlú ló fi kún un. Ó kú ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ 1997. Láti 1998 ni wọ́n ti ń ṣe Felabration lọ́dọọdún ní oṣù Kẹwàá tí wọ́n bí i, olórin tó bá sì fẹ́ kópa níbẹ̀ ti mọ oṣù tó máa dojú kọ kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀.

Nínú àwọn tó wà láyé, ẹ wo Ṣẹ́gun Akínlolú, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Beautiful Nubia. Dókítà ẹranko ni nípa ẹ̀kọ́, ó ń kọ ewì, ó ń sọ ìtàn, ó sì ń darí ẹgbẹ́ Roots Renaissance Band. Àwo rẹ̀ Jangbalajugbu jáde ní 2002, àwọn ọmọ ilé ìwé ṣì ń kọ ọ́ dòní. Láàárín Nàìjíríà àti Kánádà ló ti ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ, tó ń gbé e bọ̀. Ẹni tó ń ṣeré ní ilẹ̀ méjì kò lè sọ pé kí ènìyàn máa wo ojú òun.

Ó ti yá ká padà sílé. Ìwọ ọmọ wa tó ní òde lọ́wọ́, gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Kí o tó mú ọjọ́, jáde lọ béèrè. Ọjọ́ ọjà Ayétòrò ńkọ́? Ìyá tó bá ti ru gàrí láti ìdájí kò ní wá jó lálẹ́, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé àwọn ọ̀dọ́ ọlọ́kadà yóò lówó lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ìwọ lo mọ ẹni tí ò ń kọrin fún. Ààwẹ̀ Ràmàdáánì ńkọ́? Ọdún Ọ̀rọ̀nà ní Ìlaró ńkọ́, ṣé o fẹ́ bá a du èrò ni? Ọ̀rọ̀ Orò ló sì le jù. Tí wọ́n bá ti kéde Orò, obìnrin kò ní jáde, ẹni tó bá fi òde sí alẹ́ ọjọ́ náà ti lé ìdajì èrò rẹ̀ padà kí ó tó tún gìtá ṣe. Wọ inú ilé olóyè, béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Wọn yóò sọ fún ọ.

Nígbà tó o bá wá ń kọ ìkéde, kọ ibi tó jẹ́ kí àlejò lè dé ibẹ̀. "Ibi tá a máa ń lò" kì í ṣe àdírẹ́sì. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ìgbógílà kò mọ ibi tẹ́ ẹ máa ń lò. Kọ agogo tí o máa bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Bó bá jẹ́ agogo mẹ́jọ lo ní lọ́kàn, má kọ mẹ́rin nítorí pé o rò pé ènìyàn á pẹ́. Wọ́n ń pẹ́ nítorí pé ìwọ ń purọ́. Kọ agogo tí wàá parí pẹ̀lú, èyí tí ọ̀pọ̀ kì í rántí. Ọ̀nà wa kò dára lóru, àwọn òbí kò sì ní jẹ́ kí ọmọbìnrin wọn lọ sí òde tí wọn kò mọ ìgbà tó máa tú. Kọ owó ẹnu ọ̀nà. Tó bá jẹ́ ọ̀fẹ́, kọ ọ̀fẹ́, nítorí ẹlòmíràn á rò pé ìtìjú ni kí òun dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó dá owó lé òun. Kọ orúkọ àwọn tí ẹ jọ máa ṣeré, pàápàá onílù. Kò sí ohun tó ń dun onílù Yewa bí kí wọ́n kọ "àti ẹgbẹ́ rẹ̀" sí ibi tí orúkọ rẹ̀ yẹ kó wà.

Ní ti iṣẹ́ tuntun, èyí tó ti parí ni kí o máa kéde. Mo mọ ewì tí wọ́n ti ń sọ pé ó ń bọ̀ láti ìgbà tí àwọn tó gbọ́ ọ nílé ìwé sẹ́kọ́ńdìrì ti di òbí. Ìwé tí ó ti wà lọ́wọ́ òǹtẹ̀wé, o lè sọ oṣù tó máa jáde. Èyí tó ṣì wà ní orí rẹ, jẹ́ kó jókòó síbẹ̀. Tí ìwé náà bá sì ti fẹ́ jáde, National Library of Nigeria ló ń fún ìwé ní nọ́ńbà ISBN, gba nọ́ńbà náà kí o tó tẹ̀ ẹ́, má jẹ́ kí òǹtẹ̀wé fi nọ́ńbà ìwé ẹlòmíràn sí ẹ̀yìn tirẹ.

Ẹ dẹ etí sí èyí o, torí pé owó wà níbẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ tí Nàìjíríà ṣe ní 2022 ń dáàbò bo orin àti ìwé rẹ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ, àti àádọ́rin ọdún lẹ́yìn tí o bá kú. O kò nílò láti san owó kan kí ààbò náà tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí òfin béèrè: iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ wà nínú nǹkan tí a lè dì mú, kí o ti kọ ọ́ sílẹ̀ tàbí kí o ti gbà á sórí ẹ̀rọ. Orin tí o kàn kọ sí àwọn ọ̀rẹ́ létí ní ìdí ẹmu, tí o kò kọ sílẹ̀, tí ẹlòmíràn wá lọ gbà sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ orin, ẹjọ́ rẹ á le láti rò. Nítorí náà, kí státọ́ọ̀sì tó gbọ́ ọ, jẹ́ kí ìwé tàbí ẹ̀rọ ti gbọ́ ọ, kí ọjọ́ wà lórí rẹ̀. Nigerian Copyright Commission ní ètò tí o fi lè jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ náà jẹ́ tirẹ. MCSN, ẹgbẹ́ tí Àjọ yẹn fọwọ́ sí ní 2017, ló ń gba owó fún olórin nígbà tí ilé rédíò, hòtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé ìgbafẹ́ bá lo orin rẹ̀. Olórin tí kò forúkọ sílẹ̀ kò ní rí owó rẹ̀ gbà, bó ti wù kí wọ́n lo orin rẹ̀ tó.

Ẹlẹ́fẹ̀ kò mọ òfin kankan tó ń jẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé orin tó bá jáde ṣáájú ọjọ́ rẹ̀ ti di ti gbogbo ayé. Àwọn kan á sọ fún mi pé ayé ti yí padà, pé bí olórin kò bá fi díẹ̀ tọ́ ènìyàn lẹ́nu wò lórí fóònù, kò sẹ́ni tó máa wá. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kò burú, ìlù kan, ẹsẹ̀ kan, bí àwọn onítíátà ṣe ń fi ẹ̀rín kan sílẹ̀ láti orí bọ́ọ̀sì. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ má tú gbogbo rẹ̀ sí ojú títì, kí ẹ wá máa béèrè ìdí tí àga fi ṣófo.

Ó ku ohun kan kí àkókò wa tó tán. Olùwádìí kan, Ẹ̀bùn Clark, tẹ ìwé rẹ̀ lórí Ògúndé jáde ní 1979. Nígbà tó ń ṣe ìwádìí, àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ wà lára ohun tó gbé kalẹ̀ yẹ̀ wò, torí pé ìkéde eré wà nínú wọn, ọjọ́ wà lórí ìwé ìròyìn, a sì lè mọ ohun tí wọ́n ṣe, ibi tí wọ́n ti ṣe é, àti ìgbà. Ṣùgbọ́n pósítà tiwa tó wà lára ògiri ní Ìmáṣàyí lónìí, ẹ lọ wò ó lọ́la. Ẹ ó rí "Sátidé, ọjọ́ 14." Ẹ ó rí fọ́tò, ẹ ó rí nọ́ńbà fóònù. Ẹ kò ní rí ọdún. Ní ogún ọdún sí àsìkò yìí, kò sẹ́ni tó máa lè fi pósítà yẹn mọ ọdún tí olórin náà ṣeré.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin olórin, ẹ̀yin òǹkọ̀wé, ẹ̀yin tí ẹ ń ya fláyà fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà: ẹ máa kọ ọdún sí i. Kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan pamọ́ sílé, kí ẹ kọ iye èrò tó wá àti orin tí ẹ kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ní pósítà tàbí ìwé ìléwọ́ àwọn onítíátà àtijọ́ nísàlẹ̀ àpótí, ẹ má fi dáná. Ẹ gbé e lọ fún tíṣà tó ń kọ́ni ní ìtàn ní ilé ìwé tó sún mọ́ yín, kí ó kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti rí i sí ẹ̀yìn rẹ̀.